Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Gẹ́gẹ́ Bí Oògùn Fún Ara Rẹ̀: Kí Ni Wọ́n Fi Kún Un Kí Wọ́n Tó Dá A Padà?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn tó pè mí wá fi lé mi lọ́wọ́: ǹjẹ́ a lè fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, kí a sì fi ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an wo àrùn tí fáírọ́ọ̀sì kó bá a? Ìbéèrè náà kúrú, ṣùgbọ́n n kò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá a lóhùn, nítorí pé oríṣiríṣi iṣẹ́ tí kò bára tan ni àwọn ènìyàn ń fi orúkọ kan náà pè. Àwọn kan kàn ń fa ẹ̀jẹ̀ náà ni, wọ́n á sì gún un padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ń fi ìtànṣán tàbí gáàsì kàn án kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn mìíràn sì wà, nínú ilé ìwádìí tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ń ṣa ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ náà, tí wọ́n ń bọ́ wọn títí wọn yóò fi pọ̀ tàbí tí wọ́n ń tún wọn ṣe, kí wọ́n tó dá wọn padà sára ẹni tó ni wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí a máa wò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ẹ̀jẹ̀ náà ní nígbà tó ń padà wọlé tí kò ní nígbà tó ń jáde?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan bíi lítà márùn-ún ló wà lára àgbàlagbà. Díẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ jẹ́ omi tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní plasma. Ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa tán, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé ọ́síjìn kiri ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí í ṣe ológun ara kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Inú plasma ni àǹtíbọ́dì wà, àwọn èròjà tín-tìn-tín tí ara máa ń ṣe láti fi di fáírọ́ọ̀sì mú nígbà tó bá ṣì wà lóde sẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá ti ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, àǹtíbọ́dì kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ló ń wá sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti gbà mọ́ ara lọ́wọ́, tí yóò sì pa á. Nígbà àkọ́kọ́ tí ara bá pàdé fáírọ́ọ̀sì kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí àwọn ológun wọ̀nyí tó pọ̀ débi tí agbára wọn yóò fi hàn. Àárín àkókò yẹn gan-an ni aláìsàn máa ń jìyà jù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àǹtíbọ́dì tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á jáde kó tó lè ṣiṣẹ́, nítorí pé láàárín bíi ìṣẹ́jú kan péré ni ọkàn ti máa ń ti ẹ̀jẹ̀ yí gbogbo ara ká.

Àwọn àgbà ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bẹ nínú, itọ́ funfun là á tu jáde. Mo rò pé ara ohun tó jẹ́ kí ìtọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ máa fa ọkàn ènìyàn mọ́ra nìyẹn: ohun tó yẹ kó wà níkọ̀kọ̀ ni wọ́n mú wá sí gbangba, wọ́n sì tún fi í pamọ́ padà lójú oní-ǹkan. Irú ìrísí bẹ́ẹ̀ lágbára gan-an, yálà oògùn wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

Ní ọdún 1913, Paul Ravaut, dókítà àrùn awọ ara ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan aláìsàn, tí òun sì ń gún un padà kí ó tó dì. Láti ìgbà náà títí di ìgbà tí oògùn apakòkòrò gbòde, àwọn dókítà ní oríṣiríṣi ilẹ̀ ń gbìyànjú rẹ̀ lórí àìsàn tó bá ti sú wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le: wọ́n á fa ìwọ̀n bíi mílílítà márùn-ún sí ogún láti apá, wọ́n á sì gún un lójú ẹsẹ̀ sínú ẹran ìdí tàbí ti apá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ilẹ̀ Brasil ọ̀rọ̀ náà tún sọjí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, tí àwọn ènìyàn ń sọ pé kò sí àrùn tí kò lè wò, títí tí ANVISA, àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn àti ìlera níbẹ̀, fi kéde ní 2007 pé ìtọ́jú náà kò ní ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́yìn.

Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní àlàyé kan tí wọ́n fẹ́ràn. Wọ́n ní lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú ara, tí orúkọ wọn ń jẹ́ macrophage, máa ń lọ sókè láti ìdá 5 sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ká tilẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í gbé inú ẹran, inú iṣan ló ń gbé; níbikíbi tó bá ti dà sí lóde iṣan, macrophage gbọ́dọ̀ wá kó o kúrò. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ tábìlì, tí ibẹ̀ wú tó sì dúdú, ti gba ìtọ́jú yìí lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí sírínjì, àwọn macrophage rẹ̀ sì ti sáré débẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó sọ pé fífi ẹsẹ̀ kọ tábìlì lé fáírọ́ọ̀sì lọ. Àwọn apàlẹ̀mọ́ wọ̀nyí wá nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà. Kò sí ohun tó fi ojú fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí nínú iṣan ìmọ̀lára hàn wọ́n.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀ náà. Mílílítà mẹ́wàá nínú lítà márùn-ún jẹ́ ìdá kan nínú 500. Àǹtíbọ́dì tó wà nínú ìdá kan yẹn, irú rẹ̀ gan-an ló wà nínú ìdá 499 tó kù. Fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà ló wà nínú ìyókù. Bí ẹni bu ife omi kan nínú agbada tó sì tún dà á padà síbẹ̀ ni. Sí ìbéèrè wa, èyí ni ìdáhùn fún irú àkọ́kọ́: kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà fi yàtọ̀ sí bó ṣe jáde, bí kò ṣe pé ó bọ́ sí ibi tí kì í ṣe ibùgbé rẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn olóòótọ́ fi ń jẹ́rìí pé ó wo àwọn sàn? Mo gbà pé wọ́n sàn lóòótọ́. Ọ̀fìnkìn máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọ́nwọ́n tó ń yọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọdé, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ó sì máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Àrùn shingles, tí í máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ara tí í sì máa ń jó bí iná, sábà máa ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ìgbà tí ara bá ni aláìsàn lára jù ló máa ń wá ìtọ́jú, ìyẹn nígbà tí àìsàn náà ti dé góńgó rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá ṣe fún un lọ́jọ́ náà, ìtura ló kàn, ọpẹ́ rẹ̀ yóò sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú. Ọ̀nà tí a lè fi mọ òtítọ́ ni kí a kó àwọn tí àìsàn wọn jọra jọ, kí a ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí yóò gba omi iyọ̀ lásán, kí aláìsàn àti ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má sì mọ èyí tó bọ́ sọ́dọ̀ ta ni. Ìtọ́jú tí wọ́n ti ń ṣe láti 1913 ti ní àkókò tó pọ̀ tó láti la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kọjá.

Irú kejì ń gbìyànjú láti fi nǹkan kún un. Ní 1928, Emmet Knott, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tó ń fi ìtànṣán ultraviolet tan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà jáde kí wọ́n tó dá a padà. Láàárín ọdún 1940 sí 1950, àwọn ilé ìwòsàn kan lò ó fún àrùn inú ẹ̀jẹ̀, òtútù àyà àti rọpárọsẹ̀ pàápàá, wọ́n sì ròyìn àṣeyọrí. Nígbà tí ìwádìí lórí aláìsàn 68 jáde ní 1952 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, àǹfààní tí wọ́n ń retí kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ìtànṣán yìí kò lè pa fáírọ́ọ̀sì: ó ń pa á nínú omi, ó sì ń pa á lórí pẹpẹ ilé ìwádìí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ṣú, ìtànṣán kì í wọ inú rẹ̀ jìnnà, ìwọ̀n tó bá sì le tó láti pa fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò ní dá sẹ́ẹ̀lì funfun sí. Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó gba inú ẹ̀rọ kọjá nìkan ni ìtànṣán rí. Fáírọ́ọ̀sì tó fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí n má baà ṣe àìṣòótọ́, irú ìtọ́jú kan wà tó jọ ọ́, tí wọ́n ń fi ìtànṣán àti oògùn pọ̀ kan sẹ́ẹ̀lì funfun aláìsàn lóde ara, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1988. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T tó ń hàn lára awọ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, nítorí pé níbẹ̀, pípa sẹ́ẹ̀lì funfun gan-an ni wọ́n ń fẹ́.

Ti gáàsì ozone kò yàtọ̀ púpọ̀. Christian Schönbein ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1840, iṣẹ́ rẹ̀ nínú fífọ omi mọ́ kò sì ní àríyànjiyàn. Àwọn tó ń fi í tọ́jú ènìyàn ń fa bíi mílílítà ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìgò, wọ́n á pò ó mọ́ ozone, wọ́n á sì jẹ́ kó kán padà sínú iṣan. Ó dà bí ẹni pé ohun tó ń pa kòkòrò inú omi yóò pa ti inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi lásán. Kí ozone tó rí fáírọ́ọ̀sì kan, ọ̀rá àti àwọn èròjà mìíràn nínú plasma ti gbé e mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìwádìí kékeré kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà lórí àwọn tó ní HIV, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1991, kò rí i pé ó ṣàǹfààní. Ìwé òfin FDA, àjọ tó ń ṣàmójútó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì sọ ọ́ láìfi bò pé gáàsì olóró ni ozone, kò sì sí iṣẹ́ ìwòsàn kan pàtó tí a mọ̀ pé ó wúlò fún.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí pé kò ṣàǹfààní, mi ò bá máà fi àkókò yín ṣòfò lé e lórí. Ní 1998, ní ìlú London, àwọn oníṣègùn rí i pé àwọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B ń pọ̀ sí i, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń pò ó mọ́ omi iyọ̀, tí wọ́n sì ń gún un padà. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń bù lò láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ẹ̀rí tọ́ka sí. Nígbà tí wọ́n wo àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, ti àwọn ènìyàn tó ju ọgbọ̀n lọ bára mu rẹ́gí, bí ọmọ ìyá kan náà. Sí ìbéèrè wa, ẹ̀jẹ̀ yìí ní ohun kan nígbà tó ń padà tí kò ní nígbà tó ń jáde, àmọ́ fáírọ́ọ̀sì ẹlòmíràn ni. Ó sábà máa ń dùn létí bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ara ẹni kò lè pa ẹni lára. Ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ti ara ẹni lóòótọ́, ṣé abẹ́rẹ́, ìgò àti omi iyọ̀ náà jẹ́ ti ẹni nìkan?

Àwọn kan yóò bi mí pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kò ti gba ẹ̀mí là rí ni? Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yẹ kí a dúró lé lórí. Ní 1890 ni Emil von Behring àti Kitasato Shibasaburo fi hàn pé omi ẹ̀jẹ̀ ẹranko tó ti ní àjẹsára sí àrùn ipá tàbí diphtheria, àrùn tó ń mú ọ̀nà ọ̀fun, lè dáàbò bo ẹranko mìíràn. Behring gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣègùn nítorí rẹ̀ ní 1901. Ohun tí omi ẹ̀jẹ̀ yẹn gbé wá ni àǹtíbọ́dì tí ẹni tó gbà á kò tíì ní. Ní Argentina, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín àwọn tó ní ibà ẹlẹ́jẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì Junín ń fà. Àbájáde tó jáde ní 1979 fi hàn pé nínú àwọn tó gba plasma ẹni tó ti là á já láàárín ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ àìsàn, ìdá 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú, nígbà tí ìdá 16.5 kú nínú àwọn tó gba plasma ẹni tí àrùn náà kò mú rí. Mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi létí àbájáde yìí, nítorí pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ó ṣọ̀wọ́n ní tòótọ́. Ní 1969, ọdún tí a kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, Jordi Casals, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tí fáírọ́ọ̀sì náà kó bá, gba plasma Lily Pinneo, nọ́ọ̀sì tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà tí kò sì pa á, Casals náà sì yè. Ìtàn tó wọni lọ́kàn ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 1986 láti Sierra Leone rí i pé oògùn ribavirin ló dín ikú kù, plasma kò dín in kù lọ́nà tó hàn gbangba. Nígbà Ebola ní Guinea, àwọn 84 tó gba plasma kò yè ju àwọn tí kò gbà á lọ lọ́nà tó ṣe é gbára lé. Nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó aláìsàn 11,558 jọ nílé ìwòsàn, ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì kú láàárín ọjọ́ 28, yálà wọ́n gba plasma tàbí wọn kò gbà á. Síbẹ̀, ní Argentina, nígbà tí wọ́n fún àwọn arúgbó 80 ní plasma tí àǹtíbọ́dì inú rẹ̀ pọ̀, láàárín wákàtí 72 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, 13 ni mímí di ìṣòro ńlá fún, nígbà tó jẹ́ 25 nínú 80 tó gba omi iyọ̀. Ẹ ríi pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ bí kò ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀ tí aláìsàn kò ní, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí ara aláìsàn tó ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ti sábà ní àǹtíbọ́dì tirẹ̀. Bí ti ẹlòmíràn kò bá wá wúlò fún un mọ́ nígbà yẹn, báwo ni ti ara rẹ̀, tí a fà tí a sì dá padà, ṣe fẹ́ wúlò?

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ti di nǹkan mìíràn ni irú kẹta, níbi tí iṣẹ́ ti wà láàárín ìfàjáde àti ìdápadà. Wọ́n á ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀, wọ́n á fi àjákù fáírọ́ọ̀sì tí kò lè ranni mọ́ hàn wọ́n, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó bá dá a mọ̀ yóò máa pọ̀ sí i, àwọn yòókù yóò sì di ohun ẹ̀yìn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ di ogun. Ní 2014, ìwádìí kan láti Yunifásítì Pennsylvania ròyìn nípa ènìyàn 12 tó ní HIV: wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fi èròjà tó ń gé àbùdá ba CCR5 jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì T wọn, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí HIV sábà máa ń gbà wọlé, wọ́n sì dá bíi bílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́ẹ̀lì padà sára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà dá oògùn dúró fún ọ̀sẹ̀ 12. Fáírọ́ọ̀sì padà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tún ṣe kò tètè kú bíi ti àwọn tí wọn kò tún ṣe. Ẹnìkan wà nínú wọn tí wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kó tó padà sídìí oògùn, wọ́n sì wá rí i pé wọ́n ti bí i pẹ̀lú ẹ̀dà kan CCR5 tó ti bàjẹ́ láti ilẹ̀. Ìwòsàn kọ́ nìyẹn o, àmọ́ mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà ní nígbà tó ń padà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ìjìnlẹ̀ nìkan tó láti fi gba ìtọ́jú kan wọlé. Fáírọ́ọ̀sì EBV ń bẹ lẹ́yìn irú jẹjẹrẹ kan tó ń mú ẹ̀yìn imú. Wọ́n ṣa sẹ́ẹ̀lì T àwọn aláìsàn fúnra wọn, wọ́n kọ́ wọn láti mọ EBV, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láàárín 330 ènìyàn, tí apá kan gba sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ, tí apá kejì gba oògùn nìkan. Ìdajì ní apá kọ̀ọ̀kan lò ju nǹkan bíi oṣù 25 lọ láyé lẹ́yìn náà, láìsí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dára, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìbéèrè wa pàápàá ní ìdáhùn tó péye níbẹ̀, síbẹ̀ kèké sọ pé rárá.

Ohun kan kù tí n kò tíì mẹ́nu kàn, ìyẹn àkókò. Láti ṣa sẹ́ẹ̀lì T ẹnìkan, kí a bọ́ wọn títí wọn yóò fi pọ̀ tó, kí a sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá kòkòrò mìíràn kò ti wọ inú wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbà. Ọ̀fìnkìn ti lọ nígbà yẹn. Ẹni tí Ebola yóò bá pa sábà máa ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ara rẹ̀ kò ti yá. Fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ènìyàn gbé fún ìgbà pípẹ́, irú HIV, EBV tàbí mẹ́dọ̀wú B, nìkan ni irú ìtọ́jú yìí lè dúró dè. Kódà, fún àwọn tí EBV sọ di aláìsàn jẹjẹrẹ lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀yà ara ẹlòmíràn, dídúró náà ti pẹ́ jù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sẹ́ẹ̀lì T láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín de ọjọ́ tí aláìsàn tó bá a mu yóò yọjú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tabelecleucel, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì fi ṣe é kì í ṣe ti aláìsàn tó ń gbà á.